Àná, òní, ọ̀la: èwo ló wà ní tòótọ́? Ìfiwéra èrò mẹ́ta nípa àkókò, àti lọ́jíìkì tó bá wọn rìn

Káàdì àjọ màámi wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí alájọ bá ti gba owó ọjọ́ kan tán, á fi báírò sàmì sínú ilé ọjọ́ yẹn, á dá káàdì padà, á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Títí di òní, ilé méjìdínlógún ló ti ní àmì. Mẹ́tàlá ṣófo. Igun òkè lápá ọ̀tún ti pọ́n, torí ata ni màámi ń tà ní Òyìngbò, kì í sì í nu ọwọ́ kó tó mú káàdì.

Mo máa ń mú irú káàdì yìí dání lọ sí Yaba, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì tí lọ́jíìkì, ìmọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, ń dà láàmú. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: owó tí màámi dá lọ́jọ́ kẹta oṣù, ṣé dídá yẹn ṣì wà lára ohun tó wà? Kì í ṣe bébà náírà ni mò ń wí, èyí tí alájọ ti kó lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an ni mò ń bi: màámi tó na ọwọ́, tó fún un lówó. Èyí tó máa dá lọ́jọ́ kẹtàlélógún ńkọ́, ṣé ó ti wà níbì kan, àbí kò sí rárá?

Ìdáhùn mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn onímọ̀ fílọ́sọ́fì. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ tí ẹnu Yorùbá lè gbé. Bí wọ́n ṣe ka káàdì náà rèé:

| Èrò | Ọjọ́ kẹta | Ọjọ́ kejìdínlógún (òní) | Ọjọ́ kẹtàlélógún |
|---|---|---|---|
| Òní nìkan ló wà | kò sí mọ́ | wà | kò tíì sí |
| Àná ń pọ̀ sí i | wà | wà | kò tíì sí |
| Gbogbo ọjọ́ ló wà | wà | wà | wà |

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí wọn, presentism ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, growing block ni ti ìkejì, eternalism sì ni ti ìkẹta.

Òní nìkan ló wà

Èyí ló rọrùn jù láti gbà, torí ó jọ ohun tí gbogbo wa ń sọ. Àná ti lọ, ọ̀la kò tíì dé, òní la wà. Augustine, ọmọ bíbí Thagaste ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, sọ ọ́ nínú ìwé kọkànlá Confessions rẹ̀: ohun tó ti kọjá kò sí mọ́, ohun tó ń bọ̀ kò tíì sí.

Agbára rẹ̀ tó ga jù wà nínú ohun kan tí Arthur Prior, ọmọ New Zealand, tọ́ka sí ní 1959. Ẹ ronú nípa eyín tó ń dunni mọ́jú. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, tí ìrora náà sì rọlẹ̀, à ń sọ pé, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti tán.” Kí ni à ń dúpẹ́ lé lórí? Kì í ṣe pé ìrora náà parí lọ́jọ́ báyìí ní agogo báyìí; ìyẹn jẹ́ òótọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ nígbà yẹn. Pé ó ti kọjá, pé kò sí mọ́, ni a ń dúpẹ́ fún. Ẹni tó bá ní gbogbo ọjọ́ ló wà gbọ́dọ̀ wá ohun tó máa fi dáhùn èyí, mi ò sì tíì gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá.

Àmọ́ ibi tí èrò yìí ti ń ṣẹ́ nìyí. Bí àná kò bá sí mọ́, kí ló sọ ọ́ di òótọ́ pé màámi dá owó ọjọ́ kẹta? Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún wa ni pé ipa tó fi sílẹ̀ ló sọ ọ́ di òótọ́: àmì lórí káàdì, ìwé alájọ, ohun tí màámi rántí. Tí ipa náà bá parẹ́ ńkọ́?

Mi ò bèèrè èyí láti inú ìwé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, àgbàrá òjò wọ inú ìsọ̀ màámi, ó sì sọ káàdì rẹ̀ di ẹ̀kọ. Oṣù ti ń parí lọ, ó ku ọjọ́ méjì kó gba owó rẹ̀. Alájọ ìgbà yẹn ní ìwé òun náà ti sọnù, nítorí náà òun ò mọ iye ọjọ́ tí màámi ti dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: bí ipa nìkan bá ló ń mú àná jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé òjò ọ̀sán ọjọ́ kan lè mú kó má jẹ́ òótọ́ mọ́ pé màámi dá owó. Jan Łukasiewicz, ọmọ Poland tó jẹ́ ọ̀gá nínú lọ́jíìkì, gbà bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: ohun tó ti kọjá tí gbogbo ipa rẹ̀ ti parẹ́, kò sí lára ohun tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ó tilẹ̀ rí i bí ìtùnú, torí ìyà àti ẹ̀bi wa náà lè parẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ bí ìtùnú yẹn ṣe rí fún ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó kò lè gbà á.

À ń yin ẹni tí orí rẹ̀ pé pé orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tí ìtàn sọ pé ó ń gba àjọ gbogbo ọjà láì kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣì í fún ẹnì kan. Ohun tí à ń yìn nínú ìtàn yẹn ni pé ohun tó wà lórí rẹ̀ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò bá sí níbì kan yàtọ̀ sí orí rẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣì.

Gbogbo ọjọ́ ló wà

Níhìn-ín, káàdì náà ti ní àmì ní gbogbo ilé. Ìka wa ló kàn wà lórí ọjọ́ kejìdínlógún. Ọjọ́ kẹtàlélógún wà bí Badagry ṣe wà: a ò sí níbẹ̀ ni.

J. M. E. McTaggart, tó ń kọ́ni ní Cambridge, ló la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì ní 1908. Ó ní ọ̀nà méjì ni a lè gbà to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀. Ọ̀nà kan ni ti àná, òní àti ọ̀la, èyí tó ń yí padà lójoojúmọ́. Èkejì ni ti ṣáájú àti lẹ́yìn, tí kì í yí. Carter Bridge, tó kọ́kọ́ so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó ní 1901, ṣáájú Third Mainland Bridge tí wọ́n parí ní 1990. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ lónìí, á sì jẹ́ òótọ́ títí ayé. Àmọ́ pé Third Mainland ń bọ̀ lọ́nà, òótọ́ ni ní 1985, irọ́ sì ni lónìí. McTaggart ní láìsí ọ̀nà àkọ́kọ́ kò sí àkókò, ọ̀nà àkọ́kọ́ sì ń ta ko ara rẹ̀, torí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà á jẹ́ ti ọ̀la, ti òní àti ti àná. Ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àkókò kò sí rárá. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó bá a dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló mú ọ̀nà kejì, tí wọ́n sì fi àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Físíìsì ló fún wọn lágbára. Láti 1905 tí Einstein ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ni a ti mọ̀ pé kò sí “nísinsìnyí” kan ṣoṣo tó kárí gbogbo ayé. Àpẹẹrẹ tí Roger Penrose, onímọ̀ físíìsì ọmọ England, fi ṣàlàyé rẹ̀ ni mo máa gbé wá sí Marina. Ẹni méjì ń rìn kọjá ara wọn, ọ̀kan dojú kọ CMS, ọ̀kan kẹ̀yìn sí i. Ká ní Andromeda, àgbájọ ìràwọ̀ (galaxy) tó jìnnà sí wa tó ìrìn ọdún mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fún ìmọ́lẹ̀, wà ní apá ibi tí ọ̀kan nínú wọn ń lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ “nísinsìnyí” fún ọ̀kan fi ọjọ́ mélòó kan yàtọ̀ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí kì í ṣe àrọ̀bá. Aago inú sátẹ́láìtì tí máàpù fóònù awakọ̀ ń lò máa ń fi nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 38 yára ju ti ilẹ̀ lọ lójúmọ́, tí wọn kò bá sì tún un ṣe, máàpù á máa gbé awakọ̀ gba ibi tí kò sí ọ̀nà. Bí ọjà Òyìngbò kì í ti í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò físíìsì kì í mọ̀ pé “nísinsìnyí” ò sí nínú òun.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń ṣì gbọ́, ó sì yẹ kí n dúró lé e. Wọ́n á ní, “Àǹtí, àyànmọ́ nìyẹn nù un.” Rárá. Àkúnlẹ̀yàn ni pé a ti yan nǹkan kí a tó dáyé, ohun tí a yàn níbẹ̀ ló wá ń darí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Èrò yìí kò sọ pé nǹkan kan ṣáájú ló kọ àmì ọjọ́ kẹtàlélógún. Ọwọ́ màámi ló dá owó náà, lọ́jọ́ kẹtàlélógún gan-an, torí pé ó tajà lọ́jọ́ yẹn. Pé ọjọ́ náà wà kò sọ pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kọ èrò yìí, kó wá ìdí mìíràn kọ̀ ọ́.

Àná ń pọ̀ sí i

C. D. Broad, onímọ̀ fílọ́sọ́fì ọmọ England, ló gbé èyí kalẹ̀ ní 1923. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ wà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wà, tí ọjọ́ bá sì mọ́, àfikún ló ń bá ohun tó wà. Bí alájọ ṣe ń sàmì gan-an nìyẹn: àmì kan lé òmíràn, kò sì sí èyí tó ń parẹ́ torí pé òmíràn dé.

Mo gbà pé èdè wa fara mọ́ èyí ju ti ìyókù lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe wa. “Adé lọ” ti ṣẹlẹ̀. “Adé mọ̀ ọ́n” wà báyìí. Kò sí àmì kankan tó yà wọ́n. “Ó ń sùn” lè jẹ́ báyìí, ó sì lè jẹ́ ti àná tí mo bá fi “nígbà tí mo dé” kún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀la, a gbọ́dọ̀ fi “yóò” tàbí “á” tàbí “máa” sí i, ìyísódì rẹ̀ náà sì ní “kò ní” tirẹ̀. Ibi tí èdè wa fa ìlà sí ni àárín ohun tó ti wọlé àti ohun tí kò tíì wọlé. Èdè kì í ṣe ẹ̀rí nípa bí ayé ṣe rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń fi ohun tó rọ̀ wá lọ́rùn láti rò hàn.

John Mbiti, ọmọ Kenya, kọ ọ́ ní 1969 pé nínú èrò ìbílẹ̀ ọmọ Áfíríkà, ọ̀la tó jìnnà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bó bá jẹ́ ti Yorùbá ni, mi ò gbà fún un. Ẹni tó ní bí òní ṣe rí ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún, ń ro ọ̀la gan-an. Ó kàn ń rò ó bí ohun tí kò tíì dì ni. Ẹ sì kíyè sí “ọrún” yẹn: ọjọ́ mẹ́rin ni, márùn-ún ló ń jẹ́, torí òní wà nínú kíkà. Ìjẹta náà bẹ́ẹ̀. Láti orí òní ni a ti ń ka ọjọ́.

Ìṣòro èrò yìí ni pé bí àwọn tó wà ní 1901 bá ṣì wà, wọ́n á máa rò pé àwọn ló wà ní etí ibi tí nǹkan ti ń wọlé, bí èmi náà ṣe ń rò. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo ṣìnà? Peter Forrest dáhùn ní 2004 pé àná wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mí tàbí tó ń ronú níbẹ̀ mọ́. Ìdáhùn náà ṣe gúnmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí láti rò ó nípa ìyá ìyá mi.

Èwo ni lọ́jíìkì rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ alájọ yẹn. Lọ́jọ́ Ajé, níwájú màámi àti àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́ta, ó ní: “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá san án lọ́jọ́ Ẹtì.” Ọjọ́ Ẹtì dé, a ò rí i. Mi ò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Gbólóhùn náà ni mo fẹ́ wò: lọ́jọ́ Ajé, ṣé òótọ́ ni, irọ́ ni, àbí kò tíì jẹ́ ọ̀kankan?

Ìbéèrè Aristotle ni, nínú orí kẹsàn-án De Interpretatione, lórí ogun ojú omi tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Bó bá ti jẹ́ òótọ́ láti òní pé á ṣẹlẹ̀, ó jọ pé kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́.

Łukasiewicz dáhùn ní 1920: yàtọ̀ sí òótọ́ àti irọ́, ipò kẹta wà, tí a lè pè ní ìdajì. Gbólóhùn alájọ wà ní ìdajì lọ́jọ́ Ajé. Ó dára títí ẹ ó fi gbìyànjú rẹ̀. “Á san án tàbí kò ní san án” náà á bọ́ sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọjà mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Èyí tó burú jù, “á san án, kò sì ní san án” náà á bọ́ sí ìdajì. Màámi ò ní jẹ́ kí ẹnì kan sọ ìyẹn níwájú rẹ̀ láì bú u.

Prior gba ọ̀nà mìíràn. Saul Kripke, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 17 ní Omaha, kọ lẹ́tà sí i ní 1958, ó dábàá pé kí a ya ọ̀la bí igi tó ń pẹ̀ka. Ẹ rò ó bí ẹni tó dúró ní Ojúẹlẹ́gbà: ọ̀nà tó gbà wá jẹ́ ọ̀kan, ọ̀nà iwájú pọ̀. Orí igi yìí, Prior fi “á ṣẹlẹ̀” hàn lọ́nà méjì, ó sì fi orúkọ Peirce, onímọ̀ fílọ́sọ́fì ọmọ Amẹ́ríkà, àti Ockham, onímọ̀ ọmọ England ayé àtijọ́, pè wọ́n.

Ní ti Peirce, “á san án” jẹ́ òótọ́ bí kò bá sí ẹ̀ka kankan tí kò ti san án. Alájọ lè sá lọ. Nítorí náà irọ́ ni gbólóhùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ bó bá tilẹ̀ wá san án lọ́jọ́ Ẹtì, irọ́ náà ni yóò jẹ́, torí pé ó lè má san án. Ìlérí gbogbo ènìyàn di irọ́. Ó bójú mu fún ẹni tó ń ṣe òfin tàbí àdéhùn, kò bójú mu fún ọjà.

Ní ti Ockham, ẹ̀ka tó wá ṣẹlẹ̀ ni a ó wò. Alájọ kò san án, irọ́ ni. Ká ní ó san án, òótọ́ ni ì bá jẹ́. Ó rọrùn, ó sì bá ẹni tó gbà pé gbogbo ọjọ́ ló wà mu rẹ́gí. Ẹni tó bá ní ọ̀la kò tíì sí ló máa bèèrè pé, lọ́jọ́ Ajé, èwo ni ẹ̀ka “tó máa ṣẹlẹ̀” yẹn, nígbà tí kò tíì sí?

Èmi mú ti Richmond Thomason, 1970. Ohun tí gbogbo ẹ̀ka bá fẹnu kò lé lórí ni òótọ́. Ohun tí gbogbo wọn bá kọ̀ ni irọ́. Èyí tí wọ́n bá pín sí méjì lé lórí, kò tíì jẹ́ ọ̀kankan. Nípa bẹ́ẹ̀, “á san án” kò tíì jẹ́ ọ̀kankan lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n “á san án tàbí kò ní san án” jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. John MacFarlane fi kún un ní 2003 pé ibi tí a dúró sí ká tó dájọ́ ṣe pàtàkì: bí a bá dúró ní ọjọ́ Ajé, kò tíì jẹ́ ọ̀kankan, bí a bá dúró ní ọjọ́ Ẹtì, irọ́ ni ó jẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bí màámi ṣe ṣe gan-an nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, kò pè é ní òpùrọ́, ó ní, “A ó máa wò.” Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń tú gèlè lórí ibùsùn, ó ní, “Irọ́ ló pa fún mi lọ́jọ́ Ajé.”

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ẹ má wulẹ̀ jà lórí ohun tó wà. Amir Pnueli fi lọ́jíìkì àkókò yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò ní 1977, ó sì gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, fún un ní 1996. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ “owó tó jáde lápò ẹnì kan, ṣé á wọ àpò ẹlòmíràn tàbí kó padà, bó ti wù kó pẹ́?”, lọ́jíìkì tó ń wo ìlà kan ṣoṣo tó. Bó bá jẹ́ “ṣé ọ̀nà kan wà láti ibí tí owó lè gbà padà?”, ti igi tó pẹ̀ka ni, èyí tí Clarke àti Emerson gbé jáde ní 1981.

Ẹni tó ń kọ físíìsì, kó mú gbogbo ọjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ á rọrùn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ gbèsè, ẹ̀rí àti ìlérí bá ká lára, èmi á ní kó mú àná tó ń pọ̀ sí i, pẹ̀lú lọ́jíìkì Thomason. Owó tí màámi dá wà, òjò ò lè fọ̀ ọ́ kúrò lára ohun tó wà. Ìlérí alájọ kò tíì jẹ́ nǹkan kan títí ọjọ́ Ẹtì fi dé.

Ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ nínú èyí tí mo yàn ni Marina yẹn. Bí àná bá ń pọ̀ sí i, “nísinsìnyí” ta ni etí tó ti ń pọ̀ sí i, ti ẹni tó dojú kọ CMS ni àbí ti ẹni tó kẹ̀yìn sí i? Howard Stein sọ ní 1968 pé kí a fún ibi kọ̀ọ̀kan, ní àsìkò kọ̀ọ̀kan, ní etí tirẹ̀: ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lè dé ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ fún ibẹ̀. Fún káàdì tó wà níwájú mi, ó tó. Ìmọ́lẹ̀ kì í lo ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti Òyìngbò dé ilé wa. Fún Andromeda, mi ò tíì rí i yanjú, mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.